Bí Olúwa Ṣe Pa Mí Lẹ́nu Mọ́ Nílé Bàbá Mi

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ló yẹ Olúwa. Ẹ dúró ná, ẹ má tíì dáhùn. Mo rí i pé àwọn kan ti fa èémí wọlé láti lọgun "Halleluyah". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra wí i, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tuntun. Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run gbọ́ ìyẹn dáadáa. Tí ẹ bá gbọ́ ohun tí ojú mi rí, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín.

Fíkà wa ní kí n ṣe é ní kúkúrú. Ẹ forí jì mí, sà. Obìnrin tí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́ látọjọ́ yìí, ẹ wá ní kó ṣe é ní kúkúrú! Mo ti gbààyè lọ́wọ́ dókítà, ẹ̀yin náà ẹ fún mi láàyè.

Fún àwọn àlejò wa, èmi ni Ìyá Tolú. Tíṣà ni mí níbí ní Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ pírámárì kẹta ni mò ń kọ́. Nínú ẹgbẹ́ akọrin, tírẹ́bù ni mí, ohùn tó máa ń lọ sókè ténté tí gbogbo èèyàn á máa gbórí sókè wò. Ìlà iwájú ni mò ń dúró sí. Àwọn orin tuntun tí a máa ń kọ nígbà ìkórè, èmi ni mo máa ń ṣe wọ́n, àti ọ̀rọ̀ àti ohùn. Ẹnu mi kì í sì í dákẹ́. Bàbá Tolú, ọkọ mi, máa ń sọ pé tí mo bá sùn, ètè mi ṣì ń wá ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibi wàhálà, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Ògbómọ̀ṣọ́ ná, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi lórin.

Tíṣà ni bàbá mi, òun náà sì ni ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà kan, ìjọba gbé e lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkòyí-Ilé, ó sì gbin oko kaṣú kékeré kan síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé, oko náà kò ṣeé fi sílẹ̀, torí náà bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé tí kaṣú ń já bọ́, a ó gba Ìkòyí-Ilé lọ lọ́jọ́ Sátidé, àwa mẹ́ta. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣa kaṣú rí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń dunni. Orin ni bàbá mi fi ń tàn wá. Á dúró lápá ibì kan nínú oko, á fi béèsì gbé e, ìyá mi á fi áltò tẹ̀ lé e lábẹ́ igi kejì, èmi á wá máa fò lókè bí ẹyẹ ẹ̀gà. Ẹni tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà á sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú orin o!" Oje kaṣú á ta sí wa láṣọ, kò ní lọ mọ́ láéláé. Òórùn rẹ̀, tí mo bá gbọ́ ọ lónìí, omi á bọ́ lójú mi. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí, ẹ̀yin ará. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ayé ń dùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ohùn ìyá mi. Kò ga. Ìsàlẹ̀ ló wà, ó ki, ó móoru bí ògì àárọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ń yin áltò? Bí a bá kọrin tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni wọ́n á gbé mọ́ra, èmi ni wọ́n á máa pè ní ọmọ olóhùn iyọ̀. Ìyá mi á ti wà níbi tí ó ti ń ká aṣọ akọrin, kò sẹ́ni tó rí i. Bàbá mi nìkan ló mọ ohun tó ń gbọ́. Ó máa ń sọ pé bí wọ́n bá yọ ohùn Àlàkẹ́ kúrò nínú orin, òrùlé orin náà á jìn.

Ìyá mi ti sùn nínú Olúwa. Ó ti tó ọdún mélòó kan. Lọ́jọ́ tí a sin ín, bàbá mi kọrin létí sàréè, ó kọ ọ́ dé ẹsẹ̀ ìkẹyìn, ó sì pa ìwé orin dé. Láti ọjọ́ náà, kò kọrin mọ́. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Bí wọ́n bá pe orin, á ṣí i, á dìde dúró, ẹnu rẹ̀ á sì wà ní pípadé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Àdùkẹ́, béèsì tí kò rí áltò gbé, kí ló fẹ́ máa dún fún?" Mo bá kúkú fi í sílẹ̀ pẹ̀lú Ọlọ́run rẹ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sí Ọ̀yọ́.

Nígbà tí táàmù tó kọjá bẹ̀rẹ̀, wọ́n da kíláàsì méjì pọ̀ mọ́ ara wọn fún mi. Àwọn ọmọ náà kún bámúbámú. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wa sì ni ẹ̀rọ ìlọta kan wà. Tí ìyẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi náà á gbé tèmi sókè. "Lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo yín!" Báyìí ni mo ṣe ń jagun pẹ̀lú ata látàárọ̀ títí di ọ̀sán. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, ìdánrawò orin ló kàn. Ìkórè ti ń bọ̀, Fíkà ní kí n ṣe orin tuntun. Mo ṣe é. Mo sì gbé ibì kan nínú rẹ̀ lọ sókè gan-an, ibi tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo lè dé é. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, gbogbo tírẹ́bù ló ń ṣe é.

Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Lẹ́yìn náà ó ń há. Ẹ̀yin akọrin, ẹ mọ irú wa. Ẹnì kan ní kí n jẹ orógbó. Ẹnì kan ní kí n gbé ẹyin tútù mì. Ẹnì kan ní atalẹ̀ àti oyin. Ẹnì kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àárín àwọn tẹ́nọ̀ ló jókòó sí níbẹ̀ yẹn tó ń fọwọ́ bojú, ó ní kí n bu ìpara tí à ń fi pa àyà sínú omi gbígbóná kí n gbé e mu! Họ́wù! Olúwa ló yọ mí. Ṣùgbọ́n orógbó, mo jẹ ẹ́ títí ahọ́n mi fi kú. Nígbà tó wá le sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nílé, mo ní mò ń sinmi ohùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀wẹ̀, mo tún ń fò.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ló wá ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń kọ ọ́ lọ, mo dé ibi tó ga, mo la ẹnu, ohun tó jáde dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Mo tún gbìyànjú rẹ̀, ó tún burú sí i. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n èjìká ìyá náà ń mì. Mo rí yín, mà. Mo ti dárí jì yín.

Àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà wa dìde. Ìfẹ́ ni, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán, ẹ ní àwọn kan ló gbé ọwọ́ lé ohùn mi. Ẹ dá àdúrà àárọ̀ Sátidé sílẹ̀ nítorí mi. "Ìyá Tolú, ẹ gbóhùn sókè! Ẹ fi ariwo gbà á padà lọ́wọ́ wọn!" Kí ni mo mọ̀? Mo bọ́ gèlè sílẹ̀, mo jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń lọgun, "Ohùn mi, jáde! Ohùn mi, jáde!"

Ẹ̀yin ará, ó jáde lóòótọ́. Ó jáde, ó sì lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo la ẹnu láti jí Tolú, atẹ́gùn lásán ló ń jáde. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, ṣé a máa ń ní kó sáré yí ṣọ́ọ̀ṣì po kí ẹsẹ̀ náà lè san ni? Ohun tí èmi ń ṣe nìyẹn. Kò sì sí ẹnì kankan nínú gbogbo wa tí ó rò ó, nítorí pé lójú tiwa, àdúrà tí kò bá dún kò tíì kúrò nílẹ̀.

Mo tún fẹ́ lọ fún àdúrà òmíràn. Mo ti ń wé gèlè. Bàbá Tolú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Tolú, Ọlọ́run tí ẹ fẹ́ lọ bá náà ló dá dókítà. Ẹ wọ mọ́tò." Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo wọ mọ́tò, a sì gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, sílé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀fun.

Obìnrin ni dókítà tó wò mí, ọmọdébìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí. Ó ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba imú mi wọlé, mo sì rí inú ọ̀fun mi lójú tẹlifíṣàn. Ẹ̀rù bà mí. Okùn méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń gbọ̀n mọ́ra wọn tí a bá ń sọ̀rọ̀. Tèmi ti wú, nǹkan kéékèèké sì ti yọ sí wọn lára, ó ní bí àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀ ṣe máa ń le níbi tí ọkọ́ bá ti ń ha á nìyẹn.

Ó ní, "Ẹ ti ro oko pẹ̀lú ohùn yìí, mà. Ó fẹ́ sinmi. Ẹ má sọ̀rọ̀ rárá títí a ó fi tún ríra."

Mo fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé mo lè máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Rárá o! Ìyẹn ń fún un lọ́rùn ni. Ẹ má sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ẹ má ha ọ̀fun. Omi ni kí ẹ máa mu. Ẹ sì jìnnà sí ata àti orógbó yẹn."

Bàbá Tolú bá mi bi í bóyá màá tún lè kọrin. Ó wò mí lójú. Ó ní òun ò lè ṣèlérí. Ó ní ó lè padà bó ṣe wà, ó lè padà lọ́nà mìíràn, ṣùgbọ́n tí mi ò bá dákẹ́, ó lè má padà rárá.

Ẹ̀yin ará mi, mo sunkún nínú mọ́tò, ẹkún tí kò ní ohùn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹnu ni mo fi ń ṣe é. Ọlọ́run tí mò ń sìn, orin ni mo fi ń sìn ín. Mo rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, tí ohùn yìí bá lọ, ta ni mí?

A mọ̀ pé tí mo bá padà sí Ọ̀yọ́, mi ò lè dákẹ́. Ọmọ á pè mí, aládùúgbò á kí mi, ẹgbẹ́ akọrin á wá kí mi kú ìsinmi. Bàbá Tolú bá mi gba àyè níléèwé, ó sì fi mí sílẹ̀ nílé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ó ṣàlàyé fún bàbá mi tán, bàbá mi yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Àdùkẹ́ kò ní sọ̀rọ̀? Àdùkẹ́ yìí? Ọlọ́run, o ṣeun, ilé yìí á rójú." Ó lọ wá síléètì kan jáde, èyí tó ti ní láti ìgbà tó ń ṣe tíṣà, ó fún mi pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí n máa fi béèrè oúnjẹ.

Ẹni tí kò bá dákẹ́ rí kò mọ ohun tó ń lọ láyìíká rẹ̀. Yàrá tí mo sùn sí lọ́mọdé náà ni mo sùn sí. Mo wá gbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ bí mo ṣe máa ń gbọ́ ọ nígbà náà. Ìpè àdúrà á wá láti apá Sábó, ó jìnnà, ó rọ̀. Ìgbálẹ̀ á máa dún lágbàlá ẹlòmíì. Máńgòrò á já bọ́ lórí páànù, gbàà! Ibi tí ìyá mi máa ń jókòó sí lẹ́yìnkùlé tí ó bá ń ṣa ẹ̀wà, mo lọ jókòó síbẹ̀. Àpótí ìjókòó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé ó kàn wọlé lọ bu omi ni, pé ó ń bọ̀. Mo jókòó, mo ń dúró dè é bí ọmọdé. Mo mọ̀ pé kò ní wá, mo ṣáà ń dúró dè é.

Àdúrà ló wá di ìṣòro. Mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo la ẹnu, mo rántí, mo pa á dé. Mo rò ó nínú mi pé báwo ló ṣe máa gbọ́ mi báyìí? Ẹ̀yin náà mọ obìnrin inú Bíbélì tí ètè rẹ̀ nìkan ń mì níwájú Olúwa, tí àlùfáà pè ní ọ̀mùtí. A ti wàásù rẹ̀ níbí àìmọye ìgbà, a sì ti fi ariwo ṣe àmín sí i. Mo wá ń ṣe é fúnra mi. Ó tì mí lójú níbẹ̀rẹ̀, ó dà bíi pé mò ń ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo máa ń kó jọ síwájú Ọlọ́run tẹ́lẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mò ń sọ ọ́ fún. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbọ́, ọ̀rọ̀ mi kù kékeré: Bàbá, dá ohùn mi padà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, orin kan dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe orin, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ò ní pè é, yóò kàn dé bá yín nídìí abọ́ tí ẹ ń fọ̀. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti dé, mo ti gbé e kọ nìyẹn, mo ti gbé e lọ sókè. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹnu. Mo bẹ̀rù pé yóò sá lọ. Mo mú síléètì, mo kọ sólífà rẹ̀, dòó-rè-mí rẹ̀, sílẹ̀, mo sì gbé e lọ fún bàbá mi ní pálọ̀. Ó wọ gíláàsì rẹ̀. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu apá àga, ó ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ó dúró. Ó ní, "Ta ló ní kí fàá dúró síbí?" Ó fi àtàǹpàkò pa á rẹ́, ó kọ lá sípò rẹ̀. Òótọ́ ni, lá ló yẹ kó wà níbẹ̀!

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kígbe. Mo gbá ẹnu mi mú.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, èmi á kọ, òun á pa rẹ́, èmi á bínú, màá tún un kọ, òun á rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti lọ ilé ọkọ, a ò jókòó báyìí rí. Nígbà tí mo kọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kan pé ẹ̀rù ń bà mí pé orin mi ti parí, ó ní, "Àdùkẹ́, orin kì í gbé inú ọ̀fun. Ọ̀fun kàn jẹ́ ojúlé tó ń gbà jáde. Bí wọ́n bá ti ojúlé kan, onílé kò kú." Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ orin, tí ẹ ń rò pé ẹ ò ní ohùn tó dára, ẹ gba ọ̀rọ̀ bàbá mi. Mo fi orúkọ Olúwa bẹ̀ yín, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò kọrin. Ìka ni gbogbo rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí síléètì pé, "Bàbá, ẹ kọ béèsì rẹ̀ kí n gbọ́." Ó dá síléètì padà fún mi, ó ní oorun ń kun òun.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ dókítà, inú rẹ̀ dùn. Wíwú náà ti lọ sílẹ̀, àwọn nǹkan kéékèèké yẹn ti ń yọ́. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì fún mi ní ìdárayá kan: kí n ki sítírọ́ọ̀ bọ inú ife omi, kí n máa kùn gba inú rẹ̀ títí omi á fi máa hó. Bàbá mi bá mi nídìí ẹ̀ ní kíṣìnì, "pọ̀-pọ̀-pọ̀-pọ̀", ó ní, "Ṣé inú ife yẹn ni ohùn náà bọ́ sí ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rín náà dún!

Ṣùgbọ́n ẹ dúró, kò tíì tán. Ohùn dé, kì í ṣe tèmi. Ìsàlẹ̀ ló wà. Ó nípọn, ó ní èéfín díẹ̀ nínú. Mo gbìyànjú láti gùn lọ sókè, ibi tí mo máa ń dé tẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo sáré padà lọ bá dókítà. Ó ní ohùn mi sàn, ó ní òkè tí mò ń sọ yẹn, ipá ni mo ti ń fi dé ibẹ̀ tipẹ́, ó sì lè má padà. Ó ní kí n máa kọrin níbi tí ohùn náà bá ti rọ̀ mí lọ́rùn.

Inú bí mi. Kí n má parọ́ níwájú pẹpẹ, inú bí mi sí Ọlọ́run. Mo dákẹ́ fún un. Mo jẹ ọbẹ̀ tí kò ní ata. Mo gbàdúrà láìpariwo, èmi! Ó wá fún mi ní ohùn arúgbó. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Mi ò fọwọ́ kan síléètì fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wà ní kíṣìnì, mò ń bó iṣu. Bàbá mi wà ní pálọ̀, ó ń gbọ́ rédíò rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Orin tí a jọ kọ sí síléètì yẹn ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo kọ ọ́ jẹ́jẹ́ níbi tí ohùn náà wà, mi ò fipá gbé e. Mo kọ ìlà àkọ́kọ́ tán. Mo ṣàkíyèsí pé rédíò ti dákẹ́. Mo rò pé mo ti ń dí i lọ́wọ́. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo bọ́ sí ìlà kejì.

Béèsì dé láti pálọ̀.

Ẹ̀yin ará, ó ti dógùn-ún, ó ń gbọ̀n, ó kọsẹ̀ níbì kan. Ṣùgbọ́n òun ni. Bàbá mi ni. Omi ń bọ́ lójú mi sórí iṣu, mi ò dúró, ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá dúró, òun náà á dúró. A kọ ọ́ lọ, èmi ní kíṣìnì, òun ní pálọ̀, ògiri wà láàárín wa, títí a fi kọ ọ́ parí.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ojú rẹ̀ tutù. Mi ò rí bàbá mi kó sunkún rí, àní lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó ní, "Àdùkẹ́, mo rò pé ìyá rẹ ló wà níbí."

Mo gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

Ó ní, "Mo ti ń gbàgbé rẹ̀. Ojú rẹ̀, mo ní fọ́tò. Ohùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀ fún mi. Ó ti ń lọ kúrò létí mi díẹ̀díẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kí n gbàgbé bí Àlàkẹ́ ṣe máa ń dún. Ojoojúmọ́." Ó jókòó sórí àpótí kíṣìnì, ó sunkún bí ọmọ kékeré. Mo fi ọwọ́ oníṣu gbá a mọ́ra, àwa méjèèjì ń sunkún, a sì tún ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kí n tún un kọ, torí òun ti pàdánù ibì kan nínú ìlà kejì.

Ṣé ẹ ti rí i? Gbogbo ìgbà tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mò ń ní Olúwa, dá ohùn mi padà, baba àgbàlagbà kan wà lórí ìkúnlẹ̀ ní yàrá kejì tó ń tọrọ ohùn ìyàwó rẹ̀. Olúwa gbọ́ àwa méjèèjì, ẹ̀bùn kan ṣoṣo ló sì fi dá wa lóhùn. Èmi wá ń pè é ní ohùn arúgbó! Olúwa, dárí jì mí. Ohùn ìyá mi ni.

Ẹ bá mi gbé ògo fún Ọlọ́run tó ń gbọ́ ohun tí a kò sọ síta. Ẹ bá mi yọ̀, kí ayọ̀ yín kún. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ mi níléèwé ti mọ̀ pé àtẹ́wọ́ ni mo fi ń pè wọ́n báyìí. Ẹ̀yin tírẹ́bù, mo fi ìlà iwájú sílẹ̀ fún yín tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀yin áltò, ẹ sún díẹ̀, ẹ fún mi láàyè lọ́dọ̀ yín. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ dùn tó báyìí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Bàbá arúgbó tí ẹ ń wò ní ìjókòó kẹta yẹn, tó fi ìwé orin borí, òun ló bí mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá láàárọ̀ yìí. A fẹ́ jọ kọ orin náà fún Olúwa, ẹ̀yin náà á sì bá wa gbè é.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ fún wa ní dòó.